Ta Ni Ó Ní Kí A Gé Wáyà Gééjì?

Ní gbogbo etí omi tí ó ti Èbúté Coconut ní Àpápá bẹ̀rẹ̀, tí ó gba ẹ̀yìn Tin Can kọjá, tí ó dé Kirikiri, tí ó sì ti ibẹ̀ lọ sí ìhà Ọ̀jọ́ àti Àgbádárìgì, ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, àwọn mẹkáníìkì wọn, àti àwọn rìwáyà tí ń bá wọn tún iná ọkọ̀ ṣe, ó sì ti fìdí múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ta kò ó, ojú ẹni tí kò mọ omi ni wọn yóò fi wò ó. Ìgbàgbọ́ náà ni pé bí abẹ́rẹ́ gééjì ìgbóná ẹ́ńjìnì bá ń rìn lọ sí ibi pupa, gééjì ni ó ń purọ́. Pé ohun èlò tí òyìnbó ṣe fún ilẹ̀ tútù kò lè mọ bí ooru ilẹ̀ wa ti rí. Àti pé ọgbọ́n tí ó kù ni kí a gé wáyà rẹ̀, kí a yọ tamosítáàtì tí ń ṣàkóso omi inú ẹ́ńjìnì sọnù, kí a sì máa wo omi tí ń tú jáde ní ìdí ọkọ̀, nítorí pé níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń jáde, kò séwu lóko àfi gìrì àparò. Èmi kò gba ọ̀rọ̀ yìí wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà ọlọ́kọ̀ tí mo bọ̀wọ̀ fún wà lára àwọn tí ń sọ ọ́.

Àwọn ọkọ̀ tí ọ̀ràn náà kàn jù lọ ni àwọn tí ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì wọn wà nínú ikùn ọkọ̀: ọkọ̀ ìgbòkun kékeré, ọkọ̀ tí ń gbé òṣìṣẹ́ lọ síbi tí ọkọ̀ ńlá dákọ̀ró sí, àti díẹ̀ nínú àwọn ọkọ̀ apẹja. Ọkọ̀ èrò oní-fáíbà, tí Yamaha rẹ̀ kọ́ sí ìdí, kì í sábà ní gééjì; fèrè ìkìlọ̀ ni ó ní, àwọn mìíràn sì ń já wáyà ìyẹn náà, wọ́n ní ariwo rẹ̀ ń já èrò láyà. Ẹnì kan lè bi mí pé kí ni ẹ́ńjìnì jámọ́ fún ọkọ̀ ìgbòkun, níwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ti wà, tí àwọn apẹja Ègùn àti Ìlàjẹ ń fi ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán la ọ̀sà kọjá, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Lagos Yacht Club, tí a dá sílẹ̀ ní 1932, sì ń fi tiwọn ṣe eré ìdárayá. Ìdáhùn mi ni pé afẹ́fẹ́ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni. Bí ó bá kú lójijì ní ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ Tin Can, èbúté tí a ṣí ní 1977 lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ tí ó kó sìmẹ́ǹtì wá ti dí ojú omi Èkó pa, ẹ́ńjìnì kékeré tí ó wà lábẹ́ pákó ìtẹ̀sẹ̀ ọkọ̀ ìgbòkun ni yóò fa ọlọ́kọ̀ náà kúrò níwájú irin ràgàjì tí kò lè yà, tí kò sì lè dúró. Ní irú ìṣẹ́jú bẹ́ẹ̀, ẹni tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá nọ́ọ̀kì yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gééjì kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí.

N kò sọ pé gééjì kì í purọ́. Ó ń purọ́, ó tilẹ̀ ń purọ́ dáadáa, pàápàá jù lọ ní ibi tí iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ti ń jẹ bàbà bí ikán ti ń jẹ pákó. Ẹ̀sùn tí mo fi kan àwọn alátakò mi ni pé wọ́n dá ẹlẹ́rìí lẹ́bi láìbi í léèrè ọ̀rọ̀. Agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan náà, wọ́n kàn fi púláyà gé ahọ́n rẹ̀ ni. Ó sì yẹ kí ojú ti ni pé Kirikiri ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, àdúgbò tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ti wà láti 1955, tí kò sí ọmọ bíbí ibẹ̀ tí kò mọ bí ó ti ń rí nígbà tí a bá ti ènìyàn mọ́lé tí adájọ́ kò sì tíì gbọ́ ẹnu rẹ̀.

Bí a bá fẹ́ bi gééjì léèrè ọ̀rọ̀, iṣẹ́ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Sẹ́ńsọ̀ tí a dè mọ́ orí ẹ́ńjìnì ń dí iná bátìrì lọ́nà: nígbà tí ó bá tutù, ó ń dí i gan-an, bí ó bá ti ń gbóná, bẹ́ẹ̀ ni ó ń yà fún un. Iye iná tí ó bá ráyè kọjá ni abẹ́rẹ́ ń kà. Nítorí náà, lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ gééjì tí ń lo iná, bí a bá ṣí kọ́kọ́rọ́ tí a sì yọ wáyà kúrò lórí sẹ́ńsọ̀, abẹ́rẹ́ yóò wálẹ̀ sí ibi tútù; bí a bá mú orí wáyà kan náà kan ara irin ẹ́ńjìnì fẹ́ẹ́, abẹ́rẹ́ yóò fò lọ sí ibi gbígbóná jù lọ. Bí méjèèjì bá rí bẹ́ẹ̀, gééjì àti wáyà rẹ̀ ti jàre. Sẹ́ńsọ̀ tàbí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ni kí a kọjú sí. Bí a bá yọ wáyà tí abẹ́rẹ́ ṣì jókòó sórí pupa, a jẹ́ pé ara wáyà ti bó níbì kan, ó sì ń kan irin. Bí a bá sì fi kan irin tí abẹ́rẹ́ kò mira, a jẹ́ pé wáyà ti já tàbí pé iná kò dé ọ̀dọ̀ gééjì rárá.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí àwọn alátakò mi dúró kí wọ́n ronú. Wáyà tí ó já ń sọ pé ẹ́ńjìnì tutù. Orí wáyà tí iyọ̀ ti sọ di ìpẹtà ń sọ pé ẹ́ńjìnì tutù ju bí ó ti yẹ lọ. Sẹ́ńsọ̀ tí mẹkáníìkì fi téèpù funfun àwọn púlọ́ńbà wé lẹ́sẹ̀ kí ó má bàa jò, tí kò fi lè fi ara kan irin dáadáa, òun náà ń sọ pé ẹ́ńjìnì tutù. Èyí tí ó burú jù lọ sì ni pé bí omi bá tán pátápátá ní orí ẹ́ńjìnì, sẹ́ńsọ̀ kò sí nínú omi mọ́, afẹ́fẹ́ ni ó ń wọ̀n, abẹ́rẹ́ sì lè rọra máa wálẹ̀ nígbà tí irin ń jóná, kí ọlọ́kọ̀ sì máa dúpẹ́ pé ara ẹ́ńjìnì ti yá. A rí i nígbà náà pé ní ojú omi oníyọ̀ bí tiwa, irọ́ tí ó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu gééjì ni irọ́ ìtútù, kì í ṣe irọ́ ìgbóná. Àwọn tí ń sọ pé irọ́ ni pupa máa ń jẹ́ ti gbé ọ̀rọ̀ dorí kodò: ìgbà tí ó ń kìlọ̀ fún wọn ni wọn kò gbà á gbọ́, ìgbà tí ó ń pọ́n wọn ni wọ́n ń fọkàn tán an. Ẹni tí ó sì gé wáyà rẹ̀ kò pa irọ́ lẹ́nu mọ́; irọ́ ìtútù tí kò lópin ni ó rà.

Sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú ní ìbéèrè tirẹ̀. Èkó Àkéte, Àrómisá-lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkun dọ́gba, nítorí náà omi tí ó bá ń hó lórí sítóòfù ní Ajégúnlẹ̀, ìwọ̀n 100 ni, a kò nílò ẹlẹ́rìí mìíràn. Kí a fi okùn gbé sẹ́ńsọ̀ kọ́ sínú ìkòkò omi náà, kí a fi mítà ka bí ó ti ń dí iná tó, ní óòmù. Irú tí àwọn ará Yúróòpù ń lò jù máa ń wà ní nǹkan bí 290 óòmù nígbà tí omi bá wà ní ìwọ̀n 40, kò sì ní ju 40 óòmù lọ nígbà tí omi bá ń hó. Irú ti Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 450 nígbà tí ara rẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì ń wálẹ̀ dé nǹkan bí 30 nígbà tí ooru bá kọjá ìwọ̀n 120. Ẹni tí ó bá lọ sí ọjà Ládípọ̀ tàbí ASPAMDA lọ ra sẹ́ńsọ̀ ti Amẹ́ríkà, tí ó fi sí abẹ́ gééjì ti Yúróòpù nítorí pé ìsó rẹ̀ wọ ojú ihò dáadáa, ti fẹ́ ìyàwó fún ọkọ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Gééjì yóò máa fi ohun tí ó kéré sí òtítọ́ hàn; ọjọ́ tí wọ́n bá yọ orí ẹ́ńjìnì tí ó ti wọ́, wọn yóò ní gééjì kò dára.

Ẹ jẹ́ kí a yíjú sí omi tí ń jáde, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn kápítéènì wa gbẹ́kẹ̀ lé jù. “Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù,” wọn a wí bẹ́ẹ̀, wọn a sì nawọ́ sí omi tí ń tú jáde wàràwàrà. Òótọ́ ni pé omi náà ń sọ nǹkan. Ó ń sọ pé pọ́ǹpù ń fà á. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ìdí ọkọ̀, ihò kékeré tí ń tọ omi yẹn kò gba omi rẹ̀ láti gbogbo ojú ọ̀nà inú ẹ́ńjìnì, nítorí náà iyọ̀ lè ti dì pa níbi tí omi ti yẹ kó yí kọ̀ǹgbá, ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnì, ká, kí ihò kékeré ṣì máa tọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Lára ẹ́ńjìnì inú ọkọ̀ tí ó ní kúlà, omi ọ̀sà tí ń tú jáde kì í tilẹ̀ ṣe omi tí ń yí ẹ́ńjìnì ká. Omi méjì ni wọ́n, wọn kò pàdé, ọ̀kan lè máa jáde bí odò nígbà tí èkejì ti gbẹ. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ni ó wà. Síbẹ̀ n kò gan etí àwọn àgbà: bí ohùn èéfín bá yí padà, tí ó gbẹ, tí ó sì ń dún gbọ̀ngbọ̀n, omi ọ̀sà ti dẹ́kun wíwọ inú páìpù èéfín nìyẹn, etí kápítéènì yóò sì gbọ́ ọ kí abẹ́rẹ́ tó sún. Gééjì lọ́ra ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí etí àti gééjì jọ jẹ́rìí, kì í ṣe kí a lé ọ̀kan jáde nílé ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ tamosítáàtì ni ó ń bí mi nínú jù lọ, nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tí ọmọ iṣẹ́ yí ká, tí ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò sì lọ fi kọ́ ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ́n ní nítorí yìnyín ni òyìnbó ṣe é; pé ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, ńṣe ni ó ń dènà omi lásán. Ẹ jẹ́ kí a wo ìṣirò náà. Omi ọ̀sà wa kì í sábà tutù ju ìwọ̀n 25 lọ, kì í sì í sábà gbóná ju 32 lọ; ti odò London nígbà òtútù lè wà ní nǹkan bí 6. Ìyàtọ̀ náà kò tó 30. Iná tí ń jó dísẹ́ẹ̀lì nínú kọ̀ǹgbá kọjá ìwọ̀n 1,500. Tamosítáàtì ẹ́ńjìnì tí ó ní omi tútù tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láàárín 71 sí 82 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Yálà omi London ni ó dé bá a tàbí omi Kirikiri, omi tútù ni méjèèjì lójú rẹ̀. Lára àwọn Yanmar kékeré tí ń mu omi iyọ̀ ní tààrà, nǹkan bí 42 ni ó ti ń ṣí, kì í sì í ṣe yìnyín ni ó fa èyí, iyọ̀ ni: omi òkun tí ó bá gbóná kọjá nǹkan bí 60 yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpẹ́ sílẹ̀ lára irin. Àwọn tí ó ṣe é ro ti òkun mọ́ ọn ju bí àwa tí ń gbé etí òkun ti rò lọ.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá yọ ọ́? Bí ọkọ̀ bá ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ́ńjìnì yóò tutù jù, dísẹ́ẹ̀lì kò ní jó tán, èyí tí kò jó yóò ṣàn gba ara kọ̀ǹgbá lọ bá òróró nísàlẹ̀, òróró yóò ṣàn bí omi, béárì yóò sì máa jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yani lẹ́nu jù wà níwájú. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì, iṣẹ́ méjì ni tamosítáàtì ń ṣe: bí ó ti ń ṣí ọ̀nà kúlà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà padà sí pọ́ǹpù. Bí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀nà àbùjá yóò wà ní ṣíṣí títí ayé, omi, tí kò fẹ́ràn wàhálà, yóò sì gba ibẹ̀, kò ní dé kúlà tó bí ó ti yẹ, ẹ́ńjìnì yóò sì gbóná nígbà tí a bá ki iná sí i. Àwọn tí ó yọ ọ́ kí ẹ́ńjìnì má bàa gbóná ni wọ́n mú un gbóná. Abẹ́rẹ́ yóò wá máa rìn gbéregbère: bí ọkọ̀ bá rọra rìn, ó wálẹ̀, bí ó bá sáré, ó gòkè, mẹkáníìkì yóò ní, “Ṣé ẹ ti rí i? Gééjì yìí kò ní láárí.” Wọ́n da ẹlẹ́rìí lórí rú, wọ́n sì tún ń bú u pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dúró sójú kan.

Mo gbà pé tamosítáàtì lè kú ní títì. Bí ó bá kú bẹ́ẹ̀ láàárín omi, tí ilẹ̀ ń ṣú, kí a yọ ọ́ kí a sì fi dé èbúté kò burú. Ohun tí ó burú ni kí a sọ oògùn ọjọ́ kan di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ìkòkò tí a fi dán sẹ́ńsọ̀ wò tó láti dán òun náà wò: kí a fi okùn gbé e kọ́ kí ó má fara kan ìdí ìkòkò, kí a fi òṣùwọ̀n ooru sí i, kí a wò ó bóyá yóò ṣí ní iye tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀. Àwọn kan tún ń sọ pé ọgbọ́n òyìnbó ni gbogbo èyí. Ẹ́ńjìnì náà ńkọ́, Ìjẹ̀bú ni ó rọ ọ́ bí? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. A kò lè gba irin lọ́wọ́ ẹni kí a sì kọ ọ̀rọ̀ tí ó fi rán irin náà sí wa.

Pupa tí kì í ṣe irọ́, ibo ni ó ti ń wá jù lọ níhìn-ín? Láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ni. Ní 1984 ni ewéko olódòdó àlùkò tí ń léfòó lórí omi gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọ orílẹ̀-èdè wa, omi kan náà tí ó ń ṣàn kọjá Kirikiri, láti ìgbà náà ni kò sì ti jẹ́ kí ọlọ́kọ̀ sinmi. Nígbà òjò, tí omi odò pọ̀ tí iyọ̀ sì dínkù, a máa tàn kálẹ̀ bí ẹní. Gbòǹgbò rẹ̀ àti nylon pure water ń jọ wọ ẹnu ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń fa omi, pọ́ǹpù ń fa asán, àwọn ewé rọ́bà ìmpẹ́là inú pọ́ǹpù, tí omi ni ó ń mú wọn tutù, yóò sì fà ya láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn ẹ̀ya rọ́bà wọ̀nyí kì í wá kúrò lára ẹ́ńjìnì. Wọ́n ń lọ dúró ní ẹnu kúlà, kí ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn tí a bá ti fi ìmpẹ́là tuntun sí i, ooru yóò tún padà, a ó sì tún bú gééjì. Kí ẹni tí ó bá pààrọ̀ rẹ̀ ka iye ewé tí ó kù lára àtijọ́, kí ó sì wá àwọn tí ó sọnù títí yóò fi rí wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ òkun ń wọlé padà, ewéko ń kú, ìpẹ́ sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko: ìmpẹ́là tí a kò pààrọ̀ lónìí ni yóò pààrọ̀ ẹ́ńjìnì fún wa lọ́la.

Ẹ̀rí kan ṣì wà tí ó lè parí àríyànjiyàn láàárín gééjì àti ẹ́ńjìnì, ìyẹn ìbọn tí ń ka ooru láìfọwọ́kàn. Ní 2020, nígbà àjàkálẹ̀ kòrónà, kò sí ẹnu ọ̀nà báǹkì tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọn kò ti nà án sí iwájú orí wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti wà nínú dúrọ́ọ̀ báyìí. Ẹ má ṣe mú ìyẹn lọ sínú ọkọ̀ o. Ti iwájú orí kò lè ka ju nǹkan bí 43 lọ. Èyí tí a ṣe fún irin ni kí a rà, kí a sì fi wo ibi tí tamosítáàtì jókòó sí. Ojú irin dídán ń tàn án jẹ, nítorí náà kí a fi ọ̀dà dúdú díẹ̀ kun ibẹ̀ ná. Ọwọ́ tí àwọn àgbà fi ń kan ẹ́ńjìnì kò lè ṣe iṣẹ́ yìí: irin tí ó wà ní ìwọ̀n 70 àti èyí tí ó wà ní 105, bákan náà ni ọwọ́ ń sá fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣí ìdérí omi ẹ́ńjìnì tí ó ti gbóná láti wo bóyá omi wà níbẹ̀. Omi tí a dé mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè kọjá ìwọ̀n 100 láìhó. Ìgbà tí ìdérí bá kúrò ni yóò hó, ojú ẹni tí ó ṣí i ni yóò sì hó sí.

Àtakò kan ṣẹ́kù, òun nìkan ni mo kà sí àtakò gidi: pé iyọ̀ yóò ṣáà jẹ wáyà, pé ẹni tí ó bá tún un ṣe lónìí yóò tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, àti pé ọlọ́kọ̀ tálákà kò ní owó rìwáyà lójoojúmọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n gééjì tí kò lo iná rárá wà, ó ti wà kí a tó bí púpọ̀ nínú wa: ọ̀pá bàbà tín-ín-rín kan ni ó so ó mọ́ orí ẹ́ńjìnì, ohun tí a dì mọ́ inú rẹ̀ ń wú nígbà tí ó bá gbóná, òun ni ó sì ń ti abẹ́rẹ́. Kò bèèrè bátìrì, kò bèèrè wáyà bọ́dì. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀pá náà kò ṣeé já kí a tún un so, nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ ara ọkọ̀ ni kí a mú un gbà, kí ó jìnnà sí ibi tí ẹsẹ̀ èrò ń tẹ̀ àti ibi tí a ń ju ìdákọ̀ró sí, kí a sì ká èyí tí ó bá gùn jù ní róbótó ńlá lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, kí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì má bàa ṣẹ́ ẹ.